Lọ́ńdọ̀nù, New York tàbí Párísì: ibo ló yẹ kí olórin ti ṣeré nínú ìdíkọ̀ abẹ́ ilẹ̀?

Àbúrò mi kan ní Ìbàdàn, tó ń ta gìtá tó sì mọ gángan lù, pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti wo fídíò àwọn olórin tó ń ṣeré nínú ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lókè òkun: èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, àpótí gìtá ṣí kalẹ̀, owó ń bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nínú Lọ́ńdọ̀nù, New York àti Párísì, èwo ni kí n dojú kọ?" A sọ̀rọ̀ títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú, ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, fún òun àti fún gbogbo ẹni tó bá ń gbèrò irú ẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣeré. Mo ti lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní New York, mo sì máa ń sọdá sí Párísì lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń lùlù. Ní ìlú méjèèjì yẹn, mo dúró, mo wò, mo gbọ́, mo bá àwọn olórin sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò ṣeré gba owó níbẹ̀, torí físà àlejò ni mo fi wọlé. Ọ̀rọ̀ físà yìí ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ má fò ó.

Iye owó tó ń wọlé ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àmọ́ owó kọ́ ló ya àwọn ìlú yìí sọ́tọ̀ síra, ẹni tó ń fún olórin ní àyè ìdúró ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé àṣẹ àti aago ló ń fún yín. Ní New York, òfin fún yín ní ẹ̀tọ́, ẹsẹ̀ yín ló kù kó lọ wá àyè. Ní Párísì, ìgbìmọ̀ kan á gbọ́ orin yín, wọ́n á fún yín ní káàdì oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lẹ jọ máa pín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó bá ìwà yín àti ohun èlò yín mu ni kí ẹ wá.

| Ohun tí à ń wò | Lọ́ńdọ̀nù | New York | Párísì |
|---|---|---|---|
| Ọdún tí ètò olórin bẹ̀rẹ̀ | 2003 | 1985 | 1997 |
| Ìwé àṣẹ | Dandan ni | Kò pọn dandan, àmọ́ ó ń ranni lọ́wọ́ | Dandan ni |
| Ibi ìdúró | Ojú àmì tí wọ́n yà sílẹ̀ | Ibikíbi tí òfin ò kà léèwọ̀ | Ọ̀dẹ̀dẹ̀ |
| Àkókò | Wákàtí méjì méjì, ẹ ó gbà á sílẹ̀ ṣáájú | Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé | Ẹ ó bá ara yín sọ ọ́ |
| Inú ọkọ̀ | Èèwọ̀ | Èèwọ̀ | Èèwọ̀ |

Ta ló ń fún yín láyè?

Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà jù láyé. Ọdún 1863 ló ti ń rìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá gbé gìtá wọ ibẹ̀ ń ṣeré pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni, ojú kan lórí okùn gìtá, ojú kejì lọ́nà ọlọ́pàá. Ìgbà tó di 2003 ni ètò láísẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó ṣeré níwájú àwọn tó ń dánni wò, tí ẹ bá yege ẹ ó gba ìwé àṣẹ. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ yín di iṣẹ́ aago. Lórí ilẹ̀ ìdíkọ̀, wọ́n ya àmì kan tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Inú rẹ̀ ni ẹ ó dúró sí. Irú ojú ibẹ̀ ju 30 lọ káàkiri àárín ìlú: Tottenham Court Road, Leicester Square, Waterloo, London Bridge àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí méjì yín bẹ̀rẹ̀, wákàtí méjì yín parí, ẹni tó kàn ti gbé ẹrù rẹ̀ dé, ẹ ó kí ara yín, ẹ ó máa lọ.

Mo fẹ́ràn ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí gan-an. Mo lè sọ fún ìyàwó mi pé aago mẹ́rin ni mo máa wà ní Waterloo, kí n sì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin lóòótọ́. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé ìwé mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣí nígbà gbogbo, ẹ lè dúró pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ pé wọ́n ń gba àwọn tuntun. Ẹni tí kò bá sì ní láísẹ́ǹsì kò láyè kankan: òfin ọkọ̀ náà ka orin láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè gbé yín dé kóòtù.

New York ò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ náà, orin nínú ìdíkọ̀ jẹ́ èèwọ̀ tẹ́lẹ̀, títí di 1985. Wọ́n fìwé pe onígìtá kan ẹjọ́ nítorí pé ó ṣeré, ó kọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́, adájọ́ sì dá a láre: orin kíkọ wà lára ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáàbò bò. Ọdún yẹn kan náà ni MTA, àjọ tó ni ọkọ̀ náà, dá ètò Music Under New York sílẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ẹni tí kò bá sí nínú ètò náà kò lè ṣeré. Rárá o. Ìwé òfin MTA fúnra rẹ̀ fàyè gba eré orin àti gbígba owó ọrẹ lọ́wọ́ èrò, láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ohun tí ètò náà ń fúnni ni ibi tó dáa ní àkókò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, àti aṣọ àkọlé tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, tí ẹ ó fi kọ́ sẹ́yìn yín kí àwọn òṣìṣẹ́ lè mọ̀ yín. Olórin àti ẹgbẹ́ olórin tó wà nínú rẹ̀ ju 300 lọ. Grand Central, ìdíkọ̀ ńlá kan níbẹ̀, ni wọ́n ti máa ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àjọ náà kì í san owó fún yín; ohun tí èrò bá jù sílẹ̀ náà ni.

Àwọn tí kò sí nínú ètò gbọ́dọ̀ mọ òfin bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ má ṣeré nínú ọkọ̀. Ẹ má sún mọ́ àgọ́ òṣìṣẹ́ ìdíkọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ. Ẹ má dí àtẹ̀gùn. Ẹ má lo áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, lórí pèpéle tí èrò ti ń wọ ọkọ̀. Àwọn olórin gbé ti áńpù yìí lọ kóòtù, wọ́n sì pàdánù ní 1990. Ariwo yín ò gbọ́dọ̀ kọjá dẹ́síbẹ̀lì 85 bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n láti ẹsẹ̀ bàtà 5. Mo rí bàbá onísaksofóònù kan ní Union Square tó tẹ ojú ewé òfin náà jáde, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti bi òun léèrè, òun kì í jiyàn, òun á kàn ṣí ìdérí náà sí i. Ẹ kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí òfin ò sọ ni bí a ṣe ń pín àyè. Àwọn olórin fúnra wọn ló ń ṣe é. Tí ẹ bá dé tí ẹ bá ẹnì kan níbẹ̀, ẹ ó dúró dìgbà tí orin bá parí, ẹ ó kí i, ẹ ó béèrè ìgbà tó máa kúrò. Ẹ má fa ìjà. Ẹni tó bá fi agídí gba àyè lónìí, ojú á ti mọ̀ ọ́n lọ́la. Ọkọ̀ New York ń rìn tọ̀sán tòru, nítorí náà ẹni tí oorun kì í tètè kùn lè rí àyè ní aago mọ́kànlá alẹ́ níbi tí kò lè rí i ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Párísì wà láàárín àwọn méjèèjì. Láti 1997 ni RATP, tó ni mẹ́tírò ibẹ̀, ti ń gbọ́ orin àwọn tó fẹ́ ṣeré, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ló ń wá, bíi 300 ló ń gba káàdì. Oṣù mẹ́fà ni káàdì náà ń lò, lẹ́yìn náà ẹ ó tún padà lọ fẹ̀rí hàn. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ sọ fún mi pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí òun máa kọ́ orin tuntun. Èmi ò mọ̀ bóyá ọkàn tèmi gba kí wọ́n máa dán mi wò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ìlú tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún sàn fún un ju èyí tí kò mọ ìgbà tó máa ṣí.

Ẹni tó dúró àti ẹni tó ń kọjá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ mọ̀, kí n sì sọ ohun tí mo rò nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2007, Joshua Bell, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ fayolíìnì ta jù láyé, dúró sí ìdíkọ̀ L'Enfant Plaza ní Washington láàárọ̀ kùtù. Ohun èlò tí wọ́n ṣe ní 1713 ló gbé dání. Ó ṣeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 43. Èèyàn 1,097 kọjá, méje péré ló dúró díẹ̀. Owó tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n fi sílẹ̀ jẹ́ dọ́là 32 àti sẹ́ǹtì díẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ láti fi dá èrò lẹ́bi, pé etí wọn ti di. Èmi ò gbà. Ibi tí ọkùnrin náà dúró sí ni ọ̀nà tí èrò ń gbà jáde, kò tíì tó aago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ń dúró dè wọ́n níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá gbé onílù tó dáa jù ní Ọ̀yọ́ lọ síbẹ̀ lákòókò yẹn, ohun tó máa rí kò ní yàtọ̀. Ibi tí ẹ dúró sí àti aago tí ẹ dúró níbẹ̀ ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ní New York, ẹ lè ṣeré lórí pèpéle, láìlo áńpù. Lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti wọlé tán, tàbí lópin ọ̀sẹ̀, èrò lè dúró de ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mẹ́wàá. Wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ. Ẹ lè kọ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ẹgbẹ́ èèyàn kan náà, kí ẹ rí ojú wọn bó ṣe ń yí padà. Kò sí ibòmíràn nínú ìlú mẹ́ta yìí tí ẹ ti lè rí ìyẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àmì ìdúró wà. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ wà lórí pèpéle, kò ní wúlò: lójú ọ̀nà Victoria, nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, ọkọ̀ 36 ló ń kọjá ní wákàtí kan. Orin kan ò ní dé ìlà kẹta kí ọkọ̀ tó kó gbogbo àwọn olùgbọ́ yín lọ. Nítorí náà, olórin Lọ́ńdọ̀nù ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí èèyàn fi ń kọjá níwájú rẹ̀. Ègbè ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, mi ò kì í ṣe ìfáàrà. Mo ti gé ìfáàrà orin mi gbogbo kúrò.

Párísì náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìdíkọ̀ Châtelet gùn, ó sì fẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta fayolíìnì lè tò síbẹ̀ ní mẹ́wàá, kí èèyàn tó ń bọ̀ ti máa gbọ́ wọn láti òkèèrè. Tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ ò jẹ́ ẹnì kan, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohùn, ògiri, àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀

Àwa tí ìlù wa ń fọhùn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Táìlì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀pọ̀ àwọn ìdíkọ̀ yìí, òrùlé wọn sì tẹ̀ kọrọdọ. Ohùn tó bá kúrò lẹ́nu yín á lọ gbá ògiri, á padà, á tún lọ. Fún olóhùn orin, ẹ̀bùn ńlá ni. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ á kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí áńpù. Fún onígìtá náà, ó dùn. Fún gángan, ìyọnu gidi ni. Dò, re, mí tí a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ máa ń gun ara wọn lẹ́yìn. Mí ò tíì kúrò nílẹ̀ tí dò ti dé bá a. Gbólóhùn tí gbogbo ọjà Akẹ́sán máa gbọ́ kedere á di ariwo lásán.

Ó gbà mí ní ọdún kan kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo dín kọ̀ǹgọ́ kù: níbi tí mo ti ń lù ú mẹ́ta, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo sì fún ọsán pẹ̀lú apá kí ohùn náà tó kú. Mo kọ́ ẹ̀wù òtútù mi sẹ́yìn ara mi. Mo sì yan àkókò tí èrò pọ̀ níwọ̀n, torí ara èèyàn ń mu ohùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣófo ló burú jù. Èyí ni ojú àmì Lọ́ńdọ̀nù ṣe dára fún onílù: ibì kan náà ni ẹ ó máa padà sí, ẹ ó kọ́ ògiri rẹ̀ bí ẹni kọ́ orin.

New York ni ariwo rẹ̀ le jù. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni ojú irin mẹ́rin wà, ọkọ̀ tí kò ní dúró á kàn gba àárín kọjá pẹ̀lú ìró tó ń mi àyà. Gángan yín ò ní borí rẹ̀, ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀, torí dẹ́síbẹ̀lì 85 yẹn kò jìnnà. Ṣe ni àwọn tó mọ iṣẹ́ níbẹ̀ máa ń dákẹ́ fún un, wọ́n á jẹ́ kó kọjá, wọ́n á sì padà bọ́ sínú orin gẹ́lẹ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀. Mo rí obìnrin olórin kan tó ti fi ìró ọkọ̀ náà kọ́ orin rẹ̀. Ìgbà tó bá ń bọ̀ lòun náà ń gòkè. Párísì ló rọrùn jù fún etí: lójú ọ̀nà 1, 4, 6, 11 àti 14, ọkọ̀ wọn ń fi táyà rọ́bà rìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì jìnnà sí wọn.

Awọ ìlù wa kò fẹ́ràn abẹ́ ilẹ̀ rárá. Tí ọ̀rinrin bá mú un, awọ á rọ̀, oòrùn ò sì sí tí ẹ máa sá a sí. Ẹ gbé ìlù kejì dání.

Owó

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ tó dáa jù tí mo rí ní wákàtí méjì, mo kó £60 lọ sílé. Ọjọ́ tó burú jù, £4. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà láàárín. Ohun tó yí padà jù ni pé èèyàn kì í kó owó ẹyọ rìn mọ́. Ní 2018, ọ́fíìsì olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣètò ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi káàdì tàbí fóònù kàn láti fún olórin lówó, èmi náà ra irú rẹ̀. Láìsí i, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè fi iṣẹ́ yìí san owó ilé lónìí. Ní New York, àkọlé tí èèyàn máa fi fóònù yà láti fi sanwó ló pọ̀ níwájú àpótí, owó bébà dọ́là kan sì ṣì ń wọlé. Owó ẹyọ ni mo rí jù ní Párísì.

Owó ìdíkọ̀ jẹ́ owó iṣẹ́ níwájú àwọn agbowó orí. Ní Ìlú Ọba, £1,000 àkọ́kọ́ lọ́dún lórí irú iṣẹ́ ara ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní owó orí. Tó bá ti kọjá, ẹ kéde rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, èrè tó bá ti tó dọ́là 400 lọ́dún ti di ohun tí ẹ máa ròyìn. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Físà

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí lọ́kàn, torí mo mọ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe é láìmọ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ Ìlú Ọba kò gba kí èèyàn ṣe iṣẹ́ ara ẹni, ó sì dárúkọ iṣẹ́ òṣèré àti olórin gbangba mọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Kì í ṣe òfin pé iṣẹ́ wọn ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ, tí gbogbo èèyàn mọ̀, nìkan. Àpótí gìtá tí ẹ ṣí kalẹ̀ lè ba ìwé yín jẹ́. Físà àlejò náà kò gbà á, yálà ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kí ẹ tó máa fi ìlú wé ìlú, ẹ mú ìwé ìrìnnà yín jáde, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó ní físà Graduate lẹ́yìn ìwé kíkà ní Ìlú Ọba lè ṣiṣẹ́ ara ẹni. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú pátápátá kò ní ìṣòro.

Ta ló máa gbọ́ yín?

Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ju ibi méjì yòókù lọ, Peckham sì ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Underground ò dé Peckham. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. London Bridge ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń já. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá àyè síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá ń lọ òde.

Sátidé kan báyìí, mo ń fi gángan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, màmá àgbà kan tó wọ aṣọ òkè, tí gèlè rẹ̀ kan òrùlé, kọjá mi, ó padà. Ó tẹ́tí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá ẹ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Lù ú fún mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn níbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ó lẹ £10 mọ́ mi níwájú orí. Àwọn òyìnbó tí wọn ò bá dúró rárá dúró, wọ́n yí wa ká, wọ́n ń yọ fóònù, wọ́n ń yọ káàdì. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè ìlù ló sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di òde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ yín ju ibi tí èrò ti pọ̀ lọ.

New York ní irú etí tirẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ọmọ wa ní Brooklyn àti Bronx, àwọn ọmọ Kúbà àti Puerto Rico tó ń sin òrìṣà wà níbẹ̀, wọ́n mọ bàtá, wọ́n mọ ìlù Ṣàngó yàtọ̀ sí ti Ọ̀ṣun. Tí ẹ bá lù ú, ẹnì kan lè wólẹ̀ níwájú yín. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: ẹ má fi ìlù òrìṣà wá owó nínú ìdíkọ̀. Àyàn wà nínú ìlù fún àwọn yẹn bó ṣe wà nínú rẹ̀ fún àwọn bàbá wa. Orin ayẹyẹ pọ̀ tí ẹ lè lò. Ìlú yìí náà ni Alice Tan Ridley ti kọrin nínú ìdíkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì di ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ nígbà tó bọ́ sí ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ní 2010. Ìyá Gabourey Sidibe, òṣèré fíìmù, ni.

Ní Párísì, ọmọ wa kan ló ti la ọ̀nà sílẹ̀. Keziah Jones, Olúfẹ́mi Ṣànyàolú ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1968, ta gìtá lójú pópó Lọ́ńdọ̀nù àti nínú mẹ́tírò Párísì kí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1992. Àwọn ará Faransé ló kọ́kọ́ gbà á mọ́ra. Ẹ wo bó ṣe ń ta gìtá: àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbá okùn bí ẹni ń lùlù, ọwọ́ kan ṣoṣo ni onígìtá àti onílù. Mo máa ń rò pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́ ọ níyẹn, níbi tí kò sí àwọn tó máa gbè é lẹ́yìn, tí kò sí áńpù tó tó nǹkan. Párísì fẹ́ràn ohun tí kò tíì gbọ́ rí. Tí orin yín bá jẹ́ àdàlù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ lórúkọ, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ara yín

Kíá ni mo máa sọ èyí. Eruku irin pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, tí ẹ bá fẹnu kọrin fún wákàtí méjì ẹ ó rí i nínú ìmú yín lálẹ́. Ẹ mu omi dáadáa. Ẹ fi ohun tó ń dín ariwo kù, tí kò dí orin, sí etí. Ẹ mọ ibi tí ilé ìtura wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìdíkọ̀ ni kò ní, ẹ ò sì lè fi ẹrù sílẹ̀. Ní New York, ooru orí pèpéle nínú oṣù keje máa ń ki èèyàn láyà.

Èwo fún ta?

Ẹni tó ní ìdílé, tó fẹ́ mọ aago tí òun máa ṣiṣẹ́, tó sì lè fara da dídúró de ìwé àṣẹ: Lọ́ńdọ̀nù. Onílù náà, Lọ́ńdọ̀nù, nítorí màmá tí mo sọ yẹn. Olóhùn orin tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin òun parí, tí ojú rẹ̀ gbóná, tó lè bá àjèjì jókòó sọ ọ̀rọ̀ àyè láìbínú: New York. Ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin sókè, tàbí ẹni tó ń wá ohùn tuntun: Párísì, kó sì kọ́ Faransé díẹ̀ kó tó lọ.

Ní ti àbúrò mi, ìgbà tí a tún sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlú Ọba ti gbà á, físà akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń bọ̀ wá gbà. Ó dákẹ́ nígbà tí mo ṣàlàyé fún un. Mo ní kó máa bọ̀, kó kàwé rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, kó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní London Bridge láìfọwọ́ kan nǹkan kan, kó máa gbọ́ ohun tí ògiri ń fi ìlù ṣe, títí ìwé rẹ̀ á fi gbà á láyè láti ṣeré tirẹ̀. Ó gbà. Mo sì bẹ̀ ẹ́ kó dé Ọ̀yọ́ kó tó wá, kó bá mi ra awọ ewúrẹ́ méjì àti ọsán tó máa tó ìlù kan, torí mi ò rí èyí tó dáa rà níbí.